Odó Tó Ń Pe Ọkọ̀ Nínú Ọyẹ́

Ta ló ní òtútù ń mú òun? Ìwọ, Súlè? Ìwọ tí o wọ súwẹ́tà, tí o wọ ìbọ̀sẹ̀, tí o tún ní kí wọ́n bá ọ pa fáànù? Ẹ má jẹ́ kí inú bí mi láàárọ̀ yìí o. Eruku tí ẹ ń rí níta yẹn kì í ṣe ọyẹ́. Eruku àwọn tírélà tó ń lọ sí Alábà ni, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ọyẹ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbé e sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Bí mo bá dé ìdajì, ẹnì kan á ní òun ń bọ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Lónìí, ẹ máa gbọ́ ọ parí. Inú mi kò dùn, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó dùn.

Iwájú ilé wa ni ọ̀sà wà nígbà náà, ní Ọ̀jọ́ níbí. Bí èèyàn bá jí tó ṣílẹ̀kùn, omi ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn omi ni àwọn igi àgbọn òdìkejì, lẹ́yìn ìyẹn ni òkun tí a kì í rí ṣùgbọ́n tí à ń gbọ́ bó ṣe ń hó tọ̀sán-tòru. Ẹ lọ wo ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ti da yanrìn dí i, wọ́n ti kọ́ ilé alájà sí i, wọ́n mọ odi yí i ká. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò mọ̀ pé orí ibi tí a máa ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ogbó," ó sì nawọ́ bisikíìtì sí mi. Bisikíìtì! Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìbà wà lókè lọ́hùn-ún, ìlú àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ síbẹ̀, a ó gba Òkokomaikò kọjá, ọ̀nà tóóró láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ọ̀pẹ. Ibi tí ẹ ń pè ní Ìyànà Ìbà lónìí, àparò ló ń sáré kiri níbẹ̀. Àwọn ará Ìbà ń gbé ẹ̀gẹ́ àti epo wá fún wa, àwa ń gbé ẹja yíyan lọ fún wọn, a sì ń fẹ́ ọmọ ara wa. Ṣùgbọ́n ará Ìbà kò mọ omi, àwa náà kò mọ oko. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

Ọyẹ́ kì í yọ́ wọlé nígbà náà. Ẹ máa gbọ́ ọ kó tó dé. Imọ̀ àgbọn tó ti ń dún wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ láti ìgbà òjò á ṣàdédé yí ohùn padà, á máa dún gbàrà gbàrà. Pákó àjà á máa ké. Ilẹ̀kùn tó ti wú nígbà òjò tí kò ṣeé tì, á wá sún kì débi pé atẹ́gùn lásán á máa gbá a. Ọkọ̀ tí a bá fà sórí ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ máa bu omi sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi rẹ̀ á là. Ìyá wa á kó gbogbo ohun tó bá ti ń jẹ́ aṣọ jáde látinú àpótí, ẹ ó sì rí géńdé ọkùnrin tó wọ bùbá ìyá rẹ̀ sábẹ́ agbádá bàbá rẹ̀, kò ní tì í lójú. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, bí o bá rẹ́rìn-ín tó pọ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Àdín àgbọn la fi ń para, gbogbo ìlú á wá máa rùn bí ohun tí wọ́n fẹ́ dín.

Àwọn ewúrẹ́ pàápàá, inú eérú ibi tí a ti ń yan ẹja ni wọ́n ń sùn. Mo rántí òbúkọ kan tí irun ìdí rẹ̀ gbiná láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì. Ó ké, ó sì sáré la àárín àwọn ọmọ ìjọ tó ń kọrin kiri àdúgbò kọjá. Àwọn tó ń kọrin yẹn, òtútù ti mú wọn débi pé eyín wọn ń lu ara wọn, orin náà sì ń já lẹ́nu wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mùsùlùmí ni wá o, ṣùgbọ́n ìyá wa á ti po ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀ dè wọ́n, ìyá wa á ní ẹni tó bá lè la ẹnu kọrin nínú irú òtútù yìí, ó yẹ kéèyàn fún un ní nǹkan. Báyìí ńkọ́? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń gbé sẹ́nu géètì mi. Wọn kì í kí mi, wọn kì í wọlé, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé.

Omi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ẹni tí kò bá gbé etí ọ̀sà á rò pé omi ló máa tutù jù nínú ọyẹ́. Irọ́ ni. Láàárọ̀ kùtùkùtù, omi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí atẹ́gùn bá tutù bí irin, èéfín á máa rú lójú omi bí ẹni pé wọ́n gbé e kaná. Bí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dùn. Ìgbà tí o bá yọ ọwọ́ jáde ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Apẹja tó bá ṣubú sómi lásìkò yẹn kì í fẹ́ jáde mọ́, ewu tó wà níbẹ̀ sì nìyẹn. Omi náà á tún máa níyọ̀, torí òjò ti dá, òkun á máa wọ inú ọ̀sà wá, ẹja òkun á sì máa bá a bọ̀. Nítorí náà a kò lè torí òtútù jókòó sílé. Ìgbà tí òtútù bá le jù ni ẹja máa ń pọ̀ jù.

Òtútù nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Kùrukùru ni baba ìṣòro. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kò séwu, ojú á mọ́. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá dákẹ́ mọ́jú, ẹ máa jí, ẹ kò ní rí ọ̀sà mọ́. Ẹ kò ní rí igi àgbọn. Ẹni tó dúró tì yín, ohùn rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti wà lójú omi láti ìrọ̀lẹ́ àná á máa wakọ̀ kiri nínú funfun yẹn, wọn kò ní mọ ilẹ̀, wọn kò ní mọ òkè.

Odó la fi ń pè wọ́n. Odó ńlá kan wà ní èbúté wa, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí ìdí rẹ̀ kọjú sókè. Bàbá wa ló ń lù ú, bàbá tiwọn ló sì lù ú kó tó kàn wọ́n. Ọmọ odó tó wúwo ni wọ́n fi ń lù ú. Gbì, gbì. Wọ́n á dúró. Gbì. Wọ́n á tún dúró, wọ́n á kẹ́tí. Ìdí tí wọ́n fi ń dúró ni kí àwọn tó wà lójú omi lè ráyè kígbe padà. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Nínú kùrukùru, ìró odó máa ń rìn jìnnà lórí omi ju ìró ohunkóhun lọ. Mo ti wà lójú omi tí n kò rí ìka ọwọ́ mi, tí mo ń gbọ́ ọwọ́ bàbá wa tó ń sọ fún mi pé ilé rèé, ilé rèé. Mo máa ń sunkún nígbà mìíràn, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, ara mi ló kàn máa ń balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí odó yìí, èèwọ̀ kan wà nílùú. Bí kùrukùru bá ti bo omi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún odó nínú ilé títí gbogbo ọkọ̀ yóò fi wọlé tán. Ṣé ìyẹn ṣòro láti lóye? Odó méjì kò gbọ́dọ̀ pe ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa á kàn dàgbà, á sì mọ̀ ọ́n, bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu ara rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn. A rò pé ohun tí gbogbo wa bá ti mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi Lámídì, ẹni tí ìyá wa bí tẹ̀ lé mi, fẹ́ ìyàwó láti Ìbà. Ṣìfáwù lorúkọ ọmọ náà. Inú ọyẹ́ ni wọ́n gbé e wá. Ìyàwó tèmi kò sí nílé nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjanikin. Nítorí náà kò sí obìnrin ẹgbẹ́ Ṣìfáwù kan tó máa fà á mọ́ra nínú ilé. Ìyá wa nìkan ló wà níbẹ̀, ẹja sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn kò ráyè.

Ní Ìbà, ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ jí ṣáájú gbogbo ilé, kí wọ́n sì gbọ́ ìró odó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ìyá Ṣìfáwù ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alájàpá tó ń ti Ọ̀jọ́ bọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ odó ọmọ òun. Ọmọ náà sì ń ṣe é. Lójoojúmọ́, kí àkùkọ tó kọ, ó ti wà lẹ́yìnkùlé tó ń gún ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òtútù náà wà lára ohun tó ń jí òun, pé ibi odó nìkan ni ara òun ti ń móoru. Atẹ́gùn ń fẹ́ láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kùrukùru kò sí. Ìyá wa á gbọ́ odó yẹn lórí ẹní, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, o káre. Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o. Wọ́n ń yìn ín.

Nígbà tó yá, ó di àárọ̀ kan tí atẹ́gùn dákẹ́.

Lámídì ti wà lójú omi láti ìrọ̀lẹ́, òun pẹ̀lú Wúsù, ọmọ Ègùn kan tí wọ́n jọ ń dẹ àwọ̀n. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ mọ́ nígbà tí èmi àti bàbá wa dé èbúté. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Bàbá wa da aṣọ kíjìpá bo èjìká, wọ́n gbé ọmọ odó, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì. Gbì. Èmi lọ ń kó igi jọ lókè èbúté, kí n lè dá iná tí àwọn ọmọ náà yóò yá bí wọ́n bá dé. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn wọn lọ́nà jíjìn. "Óò!" Bàbá wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ti gbọ́."

Ìgbà yẹn ni odó kejì bẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀yìnkùlé ilé wa.

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa yẹn, omi ya wọ ibẹ̀, ibẹ̀ la sì ṣe ọgbà ẹja sí. Ọ̀pá la gbẹ́ ṣóńṣó tí a tò sínú omi, wọ́n pọ̀, wọ́n sì sún mọ́ra. Ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀. Odó náà ń lọ láìdúró, gbì gbì gbì gbì, ọwọ́ ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ dá.

Bàbá wa dúró. "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Bàbá, ó jọ pé ìyàwó Lámídì ni."

"Nínú kùrukùru?" Wọ́n ju ọmọ odó sílẹ̀. "Gbé ọkọ̀ sómi!" Bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún mi nìyẹn, wọ́n sì ki aṣọ mọ́ abíyá, wọ́n sáré gba ọ̀nà ilé. Àgbàlagbà ni wọ́n, ilẹ̀ tútù, yanrìn sì ń gbé ẹsẹ̀ wọn mì. Mo ń ti ọkọ̀. Mo ń gbọ́ odó yẹn, odó kan ṣoṣo báyìí, tó ń dún lọ. Mo ti wọmi dé orúnkún kí n tó mọ̀ pé odó èbúté ti dákẹ́.

Odó ilé náà wá dákẹ́. Bàbá wa ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà kan náà ni mo gbọ́ tí igi kán lójú omi, tí ẹnì kan sì ké.

Mo wakọ̀ lọ gba etí omi, mò ń fi àjẹ̀ kan ilẹ̀ kí n má bàa ṣìnà. Mò ń pe Lámídì. Wúsù ló dá mi lóhùn. Ó di ọ̀pá ọgbà ẹja mú, ọkọ̀ wọn ti là sí méjì, àwọ̀n wọn ti lọ́ mọ́ ọ̀pá. Lámídì wà nínú omi dé ọrùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà ti gún un nítan, omi tó yí i ká sì ti pọ́n. Mo na ọwọ́ sí i. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ibí gbóná." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jùlọ. Èmi àti Wúsù fi ipá fà á jáde, ó ń bá wa jà. Bí atẹ́gùn ṣe kàn án báyìí, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbọ̀n títí, kí a sì tó gúnlẹ̀, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Ètè rẹ̀ funfun. Mo pè é, kò dáhùn.

Ilé ìyanja ìyá wa la gbé e lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni iná wà láti alẹ́. Wọ́n fi aṣọ di itan rẹ̀ pinpin. Ìyá wa ń po ẹ̀kọ, ó ń dà sílẹ̀. Ṣìfáwù kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ ìró rẹ̀, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó kó wọn bo ọkọ rẹ̀, ó sì wọ abẹ́ wọn tọ̀ ọ́, ó dì mọ́ ọn níwájú gbogbo wa. Ó ń fọ̀rọ̀ sí i létí. A dúró níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pẹ́, eyín Lámídì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá wa jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n bú sẹ́kún.

Ẹ rò pé ó parí? Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ti ń là nígbà tí bàbá wa ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò wọn. Ẹnu ilé ìyanja náà ni wọ́n jókòó sí. Bàbá wa kò jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin yìí fẹ́ pa ọmọ mi. Mo ní kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sí Ìbà lónìí."

Ṣìfáwù ti jáde, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà ní ìró rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó rò pé ọkọ̀ ló kàn forí sọ ọ̀pá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ni mo ṣe?"

"O ń bi mí? O gún odó nínú kùrukùru!"

"Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń gún un. Màámi ní mo káre."

Ìyá wa wolẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá wa ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́. Òmíràn ní bí a bá gbà á fún un, ọ̀la ńkọ́. Ta ló sọ fún un? Ta nínú gbogbo ilé yẹn ló pè é lọ́jọ́ tó dé, tó ní, ọmọ mi, báyìí báyìí la ṣe ń ṣe níbí? Èmi rò pé ìyá wa ti sọ ọ́. Ìyá wa rò pé ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó mọ̀. Mo sì mọ ohun mìíràn tí wọn kò mọ̀, torí mo wà ní èbúté: mo mọ ẹni tó ju ọmọ odó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn kọ́ ni ọmọ ń dúró níwájú àwọn àgbà láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀.

Wúsù ló sọ ọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń mu ẹ̀kọ. Ẹni tó fẹ́ ta bàbá wa lọ́fà kọ́, ó kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o. Odó méjì la gbọ́. A mọ ọwọ́ yín. Mo sọ fún Lámídì pé tọ̀hún yẹn, ìyẹn kì í ṣe ti Bàbá, ká má dá a lóhùn. À ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tààrà. Tiyín wá dákẹ́. A dúró, dúró. Ẹyọ kan ló kù. Lámídì ní bóyá ó ti rẹ Bàbá, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì."

Àwọn àbúrò bàbá wa tó ń mi orí dá orí dúró. Bàbá wa yíjú sí ọ̀sà. Kùrukùru ti ń ká, orí igi àgbọn òdìkejì ti ń yọ. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn wọn, mo rí i bó ṣe ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òtútù. Inú mi bà jẹ́ fún wọn. Inú ṣì ń bí mi sí wọn pẹ̀lú. Méjèèjì wà níbẹ̀.

Ṣìfáwù ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ẹlòmíràn ì bá sunkún, ì bá sọ pé ẹ rí i, èmi kọ́. Ẹlòmíràn ì bá di ẹrù rẹ̀ kíákíá. Ó ṣì kúnlẹ̀ sórí yanrìn tútù yẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ìyókù tí mi ò mọ̀?"

Bàbá wa ní, "Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù tí ẹ ò tíì sọ fún mi. Ohun tó tún lè pa á lọ́la tí mo bá tún fọwọ́ ara mi ṣe é. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi báyìí. Bó tilẹ̀ di alẹ́, màá jókòó gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin ọmọ yìí, bàbá wa mọ ọ̀sà yẹn láti Ọ̀jọ́ títí dé Badagry. Wọ́n mọ ibi tó jìn, wọ́n mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé ọkọ̀ mì, wọ́n mọ irú èéfín tó ń rú lójú omi kí atẹ́gùn tó yí. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí. Wọ́n wá fa àpótí ìjókòó kan, wọ́n jókòó níwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde lórí yanrìn yẹn. Jókòó." Ìyá wa kò dúró dè wọ́n, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi ìfọ̀ja àti ibi tí wọn kì í dà á sí. Àwọn àbúrò bàbá wa ń já lu ara wọn, ìkan á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òmíràn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí oòrùn fi kan àtàrí ni wọ́n ń sọ ọ́, Ṣìfáwù sì ń bi wọ́n. Ẹsẹ̀ Lámídì san, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí ó fi kú. Bọ́wọ́ bàbá wa ṣe rọ, Ṣìfáwù ni wọ́n gbé ọmọ odó fún. Obìnrin Ìbà ló ń pe ọkọ̀ Ọ̀jọ́ wọlé títí ọkọ̀ fi tán lójú omi.

Ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ẹni tí mò ń sọ. Ìyá Ìbà ni Ṣìfáwù. Ìyá Ìbà yín yìí, tí a sin ní èṣí, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ simi. Wọ́n á ní, má da omi síbẹ̀ yẹn. Má gba ọ̀nà yẹn. Jókòó kí n sọ ọ́ fún ọ. Tí ẹni tuntun bá wọ ilé yìí, ìyàwó ni o, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, ayálégbé ni o, wọ́n á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ tó bá dé, wọ́n á máa sọ ọ́ lọ, sọ ọ́ lọ, títí á fi sú ẹni náà. Ẹ̀yin náà á máa fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ ní ẹnu wọn kì í dákẹ́. Bí ẹ bá ti rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìnkùlé lẹ máa ń gbà wọlé.